Òǹtẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Ní àjà kẹrin, ní Mabúṣì, ní Àbújá,
níbi tí ẹ̀rọ agbénigòkè ti kú láti ọdún tí mo bí Morádéùn,
èmi ni mo máa ń gbé fáìlì.
Ọdún méjìlélógún. Orúnkún mi mọ àtẹ̀gùn yẹn
bí ahọ́n ṣe mọ àlàfo eyín tó ká.

Fáìlì kan dé láti Kánò nínú ọyẹ́,
eruku bò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá.
Bilyaminu, oníṣẹ́ awọ, ló kọ ọ́:
ó fẹ́ gbẹ́ kòtò tí ìdọ̀tí omi awọ yóò ti máa sinmi,
kó tòrò, kó tó wọ odò Gidan Rimi.
Ẹ gbọ́ mi yé o: kò tọrọ àyè láti ba odò jẹ́.
Odò ti ń bàjẹ́ láti ayé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé.
Àtitún un ṣe ló wá gba òǹtẹ̀ mẹ́tàdínlógún.

Òǹtẹ̀ kìíní ní fáìlì ti dé.
Èkejì jẹ́rìí pé òótọ́ ni èkíní sọ.
Ọ̀gá tó ni ẹ̀kẹfà lọ sí Mẹ́kà, kọ́kọ́rọ́ àpótí bá a lọ.
Ẹ̀kẹsàn-án ní tàdáwà ẹ̀kẹrin ti ṣá, ká tún un lù.
Ẹ̀kọkànlá ní ọ̀fun òun gbẹ.
Mo mọ ohun tó ń bèèrè, mo sì dákẹ́:
ọmọ mẹ́ta ń jẹ lára owó oṣù mi.

Oṣù mọ́kànlélógún. Fáìlì ń gòkè, odò ń sọ̀ kalẹ̀,
ó ń ru àwọ̀ aró lọ síbi tí ewúrẹ́ ti ń mu omi.

Ẹ̀kẹtàlá nìkan ni n kò lè bú.
Dókítà Ladi Gwamna ló ni ín, ọmọ Zuru,
obìnrin tí bàtà rẹ̀ kì í gbẹ.
Ó wọ mọ́tò lọ sí Gidan Rimi, ó ká yẹ̀rì, ó wọnú omi,
ó bù ú sínú ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó bi àwọn tó ń fọṣọ létí odò pé níbo ni wọ́n ti ń pọn omi mímu.
Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀: Kòtò yìí dára, ṣùgbọ́n kànga ọmọ ilé-ìwé
kò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí i. Ẹ sún un.
Bilyaminu sún un. Ó ní ká bá òun kí i.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá tuntun gbé kọ̀ǹpútà dé, ó ní a ó dín òǹtẹ̀ kù.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí àtẹ̀gùn.
Èdè mi kò bẹ̀rù ìdínkù: ká tó ka mẹ́tàdínlógún,
ogún la kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ká tó yọ mẹ́ta.
Àmọ́ ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà
kì í di ojú ṣa á.

Mẹ́rin ló kù lórí ìwé wọn. Èkíní wà níbẹ̀.
Ẹ̀kọkànlá wà níbẹ̀, ó ti yí orúkọ padà.
Ẹ̀kẹtàlá kò sí. Wọ́n ní òun ló ń fa nǹkan sẹ́yìn:
ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lórí fáìlì kan ṣoṣo!

N kì í sọ̀rọ̀ nípàdé; tíì ni mo máa ń gbé wọlé.
Lọ́jọ́ náà mo gbé ìgò Ladi sí àárín àwọn ife,
mo ṣí ìdérí rẹ̀.
Ẹ̀rọ amúlétutù pín òórùn náà kárí, kò ṣojúsàájú.
Ọ̀gá fi ìwé ìdínkù bo imú.
"A óò wò ó," ó wí, ó sì jáde.

Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì.
Kò tíì sí ẹni tó buwọ́ lùwé pé kí n gbé e kúrò.