Ọmọ Tó Ṣáájú Ìyá Rẹ̀

Ní Ogbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn ilé ìwòsàn tó kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin,
yàrá kan wà tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀.
Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀:
sáfà aláwọ̀ eérú, ojú kéékèèké tó ń ṣẹ́,
fáànù tó ń hó bí ìkòkò orí ààrò.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, Nọ́ọ̀sì Oyèlọlá wọlé. Kò kí mi.
“Wo ohun tí ẹ̀rọ rẹ kọ:
ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ lóru àná
fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ju ìyá tó bí i lọ.”

Mo bi ẹ̀rọ pé, kí lòní?
Ó ní ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1970,
ọjọ́ tí gbogbo ìran rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ayé.
Kò parọ́. Ta ló sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́?
Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ sùn,
bátìrì kan ló yẹ kó ṣì lajú sílẹ̀,
kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.
Mo fi ẹnu ọ̀bẹ hú u jáde. Ó ti kú tipẹ́.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Ajíṣafẹ́, aláago Tákíè.
Ó fi awò sójú kan, ó rẹ́rìn-ín:
“Ìbátan àwọn tèmi ni, àfi pé ó sanra.”
Ó gba ẹgbẹ̀rún kan náírà, kò jẹ́ kí n ná an.

Ẹ má tíì yọ̀.
Mo tún ọjọ́ ṣe; nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́,
ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn.
Mo tún un ṣe. Ó tún fi sẹ́yìn.
Mo ṣí àkọsílẹ̀ tó ti ń sọ tinú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀,
mo kà á títí ẹ̀fọn fi yó lára mi:
ọkàn mẹ́rin ni wọ́n kó sínú rẹ̀,
olúkúlùkù ń ka tirẹ̀,
ọ̀kan kò gba ti ọ̀kan gbọ́.
Eléyìí ní igba, tọ̀hún ní igba ó lé kan,
èmi ní, ìgbà gan-an dà?

Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Aago kan wà lórí pátákó rẹ̀,
kò yára, kò lẹ́ni tí yóò bá jiyàn;
mo ní kí gbogbo ilé máa gbọ́ tirẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé àjíkà ẹ̀rọ.
Mo pa á, mo tàn án. Mo tún pa á.

Aago mẹ́ta òru lù. Òun náà ní mẹ́ta.
Mo pariwo! Ọdẹ géètì sáré dé: “Ta ló kú?”
“Kò sẹ́ni tó kú. Aago mélòó lo ní?”
“Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjì.”
“Tìrẹ ló ń sáré.”

Ìyá tèmi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.
Ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo wa tán, ni wọ́n ń wí,
ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Orúkọ méjìdínlógójì ló kù tí n óò fọwọ́ tún ṣe.
Mo bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ yẹn, tí kò tíì ní orúkọ.
Mo kọ ọjọ́ rẹ̀ fún un.
Wákàtí rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀:
Nọ́ọ̀sì Oyèlọlá ló gbójú sókè wo aago ara ògiri
nígbà tó ké.