Ó Ku Máìlì Méje

Láàárọ̀ àná, yìnyín tún ti ya ewé sára gíláàsì.
Mo fi káàdì ilé ìkàwé họ ọ́ kúrò,
mo wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì.
Kò hó, kò húkọ́,
ìwà rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n;
iye lásán ló yọ síwájú mi: ogójì máìlì.

Lọ́dún tí a kó dé Grimsby, ọgọ́rin ni.
Mo pe Ọláòṣebìkan ní Leeds, mo ní,
"Èmi àti ilé epo ti pínyà o,"
àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè.

Òtútù ń jẹ bátìrì bí kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀wà:
láti inú ni, ìta a máa dán.

Darius ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ti kú nínú rẹ̀.
Gáréèjì rẹ̀ wà lẹ́yìn èbúté ẹja,
òórùn ẹja wà lára ìwé tó kọ iye náà sí:
ẹgbẹ̀sán pọ́n-ùn.
"Àwọn yòókù ńkọ́?"
Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́.
"Àwọn yòókù, èmi ò lè búra fún wọn."

Ẹni tó fẹ́ rà á ná an ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin.
Ó ta táyà nípàá,
kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò,
níbi tí Morádékẹ́, ọmọ ọdún méje nígbà náà,
ti fi bírò ya ẹja sẹ́yìn àga mi,
ẹja tó wọ bàtà.

Ìyàwó mi ṣírò ó sẹ́yìn ìwé owó gáàsì.
"Tà á, Bàbá Morádékẹ́. Irin ni."
Ìṣirò náà gún régé. N kò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀,
mo sì wá a, lẹ́ẹ̀mejì.
Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń lọ Louth
kì í gbéra títí aago mẹ́fà fi lù,
Ìyá Pell sì ti jí ní márùn-ún ààbọ̀,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ó ń wo ògiri, ó ń retí ẹni tí yóò gbé e dìde.
Bí mo bá fọwọ́ kàn án, a pariwo:
"Ìwọ àti ẹja ọjà, èwo ló tutù jù?"
Nítorí n kì í tan ẹ̀rọ amóoru lójú ọ̀nà;
ooru náà, máìlì ni.

Lálẹ́ àná mo tún na wáyà láti ojú fèrèsé,
mo fi rọ́bà bò ó lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀
kí ó má baà gbé aládùúgbò ṣubú.
Iná búlúù mẹ́ta ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún rò ó.
Mo dúró tì í nínú sílípáàsì. Mo ní, "Sọ ọ́."

Láàárọ̀ yìí: mọ́kàndínlógójì.
Louth, mẹ́rìndínlógún àlọ, mẹ́rìndínlógún àbọ̀.
Ó ku méje.
Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á ṣì wà lórí fóònù,
"Ṣé ká parí ẹ̀ lónìí?"
N kò tíì fèsì.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ kejì lé àkọ́kọ́,
a sì kọjú sí òkè.