Kóró Kajú Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Sun ún kí o tó pa á,
kajú á di oúnjẹ.
Pa á kí o tó sun ún,
òróró èèpo rẹ̀ á bó ọ lọ́wọ́.
Èyí ló kọ́kọ́ kọ́ mi pé ìṣe méjì
lè má gbà kí á pààrọ̀ ipò wọn.

Ní Ṣábẹ, lọ́dún tí iná kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
Bàbá Bíáù, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
tẹ́ aṣọ ìnujú rẹ̀ sórí ẹní:
igun kan jóná, igun kan ní àbàwọ́n tàdáwà,
igun kan ni ìyàwó rẹ̀ tó kú fi òwú pupa kọ orúkọ sí,
igun kẹrin mọ́.
"Gbé e, yí i, da ojú rẹ̀ dé,
ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà náà ni kí o dá a padà sí."
Ọ̀nà mẹ́jọ péré ló wà.
Ọ̀kan nínú wọn ni kí á má fọwọ́ kàn án rárá.
Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín,
àìṣe náà, ìṣe ni.

Eléyìí ṣáájú, tọ̀hún tẹ̀lé;
tọ̀hún ṣáájú, eléyìí tẹ̀lé.
Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bọ́ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì,
ju kóró kajú kan sígbá.
Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi í sílẹ̀ lórí ẹní.
Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, kóró mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Nígbà tí àtùpà fẹ́ kú, ogójì wà nínú igbá.

"Márùn-ún nínú mẹ́jọ," ni Bàbá wí.
"Àgbájọ yòówù tí iye rẹ̀ lópin,
tí ohun tí a ṣe níbẹ̀ ṣe é tú,
bí ìṣe méjì péré bá ti kọ ara wọn,
ìrẹ́pọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá ibí yìí láéláé.
Ó lè dín. Kò lè lé.
Kò sí èyí tó bára mu ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá."

Mo rántí Ṣàbí àbúrò rẹ̀, lódìkejì ọgbà,
ọdún méjìlá tí wọn kò kí ara wọn
nítorí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí sàréè ìyá wọn.
Mo ní, "Ohun kan ṣoṣo lẹ fi jà."
Ó wo kóró mẹ́rìnlélógún tó kù lórí ẹní.
"Ohun kan ṣoṣo kì í dá wá.
Ó kéré tán, á kó mẹ́ta nínú mẹ́jọ lọ́wọ́ wá."
Reluwé ẹrù kan fọn fèrè nísàlẹ̀ àpáta.

Lówùúrọ̀ ó ní kí n gbé igbá náà lọ fún Ṣàbí.
Kò rán mi ní ọ̀rọ̀ kankan.
Ṣàbí kà wọ́n níṣojú mi,
láti ọ̀tún, láti òsì: ogójì, ogójì.
Kò béèrè nǹkan.

Nírọ̀lẹ́, èéfín kajú fo ọgbà wá bá wa.
Ó ta wá lójú, Bàbá wúkọ́ títí,
ó ń fi igun tó mọ́ nujú.
"Ó sun ún ná," ló wí,
"kó tó pa á."