Gíláàsì Arówólò

Fèrèsé mọ́kànlá ni mo nù nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Arówólò ní Òkèṣà,
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí oòrùn ń ta mí lẹ́yìn bí ata.
Ìgbẹ́ ẹyẹ, eruku títì, ilé aláǹtakùn ọlọ́dún mẹ́ta,
ọṣẹ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi lé wọn lọ
títí ojú ọ̀run fi wọlé wá jókòó ní pálọ̀.

Ó ní, "Padà wá lọ́la."
Ọ̀la di ọ̀túnla.
Ọ̀túnla di ìgbà tí pẹ́ńṣàn bá wọlé.
Lónìí, ọmọ rẹ̀ yọjú:
"Dádì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé."

Ọmọ dáadáa, mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo nu gíláàsì yìí.
Mo rí sálúbàtà búlúù lábẹ́ kọ́tìnì,
àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ń mì nínú rẹ̀,
ife tíì ṣì ń rú èéfín lórí tábìlì.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi.
Láti Iléṣà ló ti ń ta aṣọ àwìn dé Ìkàrẹ́,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde.
Orúnkún tèmi ò gba òṣòó mọ́,
iṣẹ́ àkàbà ti bà á jẹ́.
Mo bá gbé àkàbà ti ògiri,
mo gùn ún,
mo jókòó sí ìpele kẹrin, mo kọjú sí kọ́tìnì.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Ó ku méjì.
Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, Arówólò.
Eruku kì í ṣi ilé mọ̀.