Ohun tí Afẹ́fẹ́ Fi Sílẹ̀

Ní Ìtagunmódi, omi ni wọ́n fi ń wá wúrà.
Àwọn ọmọkùnrin á wọ odò dé ìbàdí,
igbá lọ́wọ́, ẹrẹ̀ léjìká.
Bàbá mi á ní: "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ kàwé."
Mo lọ kàwé. Ìwé gbé mi dé Arizona,
níbi tí odò ti ní orúkọ lórí máàpù
tí kò sì ní omi nínú.

Orrin Stambaugh ló kọ́kọ́ sọ fún mi
pé níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ni omi wa.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, eyín mẹ́ta lókè,
ó wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Wickenburg fún ọgbọ̀n ọdún.
Ó ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì epo:
àpótí kan lókè, asẹ́ lẹ́nu rẹ̀,
àpótí kejì nísàlẹ̀, ó dàgẹ̀rẹ̀ bí òrùlé,
aṣọ nídìí rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún lórí aṣọ,
lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé kúrò lójúde.
"Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ rèé," mo ní.
Kò mọ ẹwìrì. Mo fi ìgúnpá mi méjèèjì júwe rẹ̀,
ó fi tirẹ̀ dáhùn,
a dúró síbẹ̀ bí adìyẹ méjì.

Ìbíwùmí gbọ́ ariwo ayùn lóru Jímọ̀.
"Ṣé pósí lò ń kàn ni?"
Mo ní ohun tí yóò sọ wá di olówó ni.
Ó ní kí n dá aṣọ ìrọ̀rí òun padà.

Ìgbà àkọ́kọ́, òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Mo rò pé ilẹ̀ ti gbẹ; òkè rẹ̀ nìkan ló gbẹ.
Ṣọ́bìrì mẹ́ta péré, aṣọ dí pa,
yẹ̀pẹ̀ jókòó bí ẹ̀kọ tó dì.
Orrin kò sọ nǹkan kan. Ó tẹ́ tapólì,
ó da yẹ̀pẹ̀ sí i, ó fi í lé oòrùn lọ́wọ́,
ó sùn lábẹ́ ọkọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà kejì, mo fún ẹ̀rọ ní iná jù.
Gbogbo rẹ̀ fò: eruku, òkúta wẹ́wẹ́,
bóyá wúrà náà, ta ni yóò mọ̀?
Eruku pupa bo igi ọ̀rọ́ gàgàrà tó na apá sókè
bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.
"Ogún ọdún rèé tí o fẹ́ mi," Ìbíwùmí ní,
"yẹ̀pẹ̀ lo wá ń fẹ́ báyìí."

Orí ìbùsùn ni mo ti rántí ìyá ìyá mi
lẹ́yìnkùlé, àtẹ lọ́wọ́, ìrẹsì nínú àtẹ.
Kì í fẹ́ ẹ bí ẹni ń pa iná.
Á gbọ̀n ọ́n sókè díẹ̀, á ṣu ẹnu jọ,
ìyàngbò á lọ, ìrẹsì á padà wálé.
Fẹ́ẹ́rẹ́, ni ó máa ń wí. Ohun tó bá wúwo mọ ilé.

Mo dín iná kù.
Mo so irin kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan mọ́tò kó lè máa gbọ̀n,
jìgìjìgì, jìgìjìgì,
yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí àwọn igi náà bí omi.
Mo búra, bí omi. Ó ń ru, ó ń yí,
èyí tó fúyẹ́ ń bá tirẹ̀ lọ,
èyí tó wúwo ń rì sẹ́yìn igi, ó ń dákẹ́.

A kó ẹ̀yìn igi sínú àwo,
a fi omi gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí a gbé wá láti ilé ṣàn án.
Òòfà kó yanrìn dúdú lọ.
Ó ku mẹ́rin.
Orrin bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.
"Márùn-ún." Ó fi igi ìtayín tọ́ka sí ìkarùn-ún,
kò tó ojú èèrà.

Nílé, Ìbíwùmí gbé ìgò náà sábẹ́ iná ilé ìdáná.
Epo èló? Ogójì dọ́là.
Wúrà èló? Bóyá mẹ́fà.
Eruku wà létí mi, ó wà láàárín eyín mi,
ìrọ̀rí kan wà níhòòhò lórí ìbùsùn wa.
Ó yí ìgò náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.
"Ọkọ̀ Orrin yẹn," ó ní, "èèyàn mélòó ló ń gbà?"