Àga Kẹtàdínlógún

Lẹ́tà dé láti ilé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
sí Odùnúgà káfíńtà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Àga mẹ́rìndínlógún. Ìrókò gbígbẹ.
Kó má ṣe dún bí aṣòfin bá yídìí.
Nísàlẹ̀ ni wọ́n to àwọn tí yóò jókòó sí:
mẹ́sàn-án fún Òde,
mẹ́rin fún Igbó tèmi yìí,
méjì fún Àgọ́,
ẹyọ kan fún gbogbo etí ọ̀sà,
abúlé mọ́kànlá, ẹnu mọ́kànlá, ìdí kan.

Mo ka iye náà lórí ìka mi tó ṣẹ́kù
(ayùn jẹ ọ̀kan lọ́dún tí mo gbéyàwó),
n kò rí àṣìṣe.
Orí ni wọ́n kà, orí sì pọ̀ l'Óde.
Ta ni yóò ní kí ogún ènìyàn l'Óde
máa pín ohùn tí ẹnì kan ń dá lò létí omi?
Ìrẹ́jẹ ni ìyẹn náà. Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mọrẹ́nikẹ́ sọ̀ lórí ọ̀kadà,
tísà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ẹbúté-Ìlasà.
Pákó ọkọ̀ ló wá rà.
Ó rí lẹ́tà lábẹ́ òòlù, ó kà á tán, kò bínú.
Ó ní, “Odùnúgà, mo ti ṣírò tiwa.
Ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni, ó tún lé díẹ̀.
Ààbọ̀ ọ̀hún dà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Tísà, n kò lè kan ààbọ̀ àga.
Ẹnìkan kì í fi ààbọ̀ ìdí jókòó.”
“Òótọ́ ni,” ó ní, “ṣùgbọ́n ààbọ̀ Òde,
wọ́n sọ ọ́ di odidi.
Tiwa ni wọ́n gbá dànù bí ìyẹ̀ igi.”

Ó sọ nípa afárá Ìdí-Àgbọn tó já.
Ọdún márùn-ún rèé. Ìwé rẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀;
ọwọ́ kan ṣoṣo nà sókè,
ọwọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lórí itan.
Kò sẹ́ni tó ṣìkà. Wọn ò kàn rí omi rí ni.

Ó lọ. Mo ń fági, mo ń ronú abọ́ ìkọ́kọrẹ́
tí àwa mẹ́tàlá máa ń yí ká nílé bàbá mi.
Tẹ̀gbọ́n mi àgbà pọ̀ ju tèmi lọ,
òun ló ń kọ ebè, n kò jà.
Ṣùgbọ́n ìyá wa a máa sọ pé
ìpín ọmọdé lè kéré,
kò gbọdọ̀ kéré débi tí ahọ́n á máa wá a kiri.

Mo kan mẹ́rìndínlógún náà pé.
Àjókù pákó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù,
èyí tó já lára àga Òde, èyí tó já lára tiwa.
Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé:
orí mi ti ń wúwo kí n tó ru nǹkan kan.
Mo to àjókù jọ. Mo kan ọ̀kan sí i.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.
“Èyí ò sí nínú ìwé.”
Mo gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló wà títí dòní.
Adìẹ ti yé sórí rẹ̀ rí.
Bí òjò bá ká Mọrẹ́nikẹ́ mọ́ ìlú,
ibẹ̀ ní í jókòó sí de ọkọ̀ etí ọ̀sà.
Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà tí n kò fún pa,
mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.
Bó bá ti yídìí báyìí,
àga náà á dún.