Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ̀yìn

Oṣù kìíní ni, ní Winnipeg. Yìnyín ti dé ojú fèrèsé.
Abíọ́nà kó wọlé mi pẹ̀lú àpótí méjì
àti ológbò rẹ̀, Kúkúrú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Tèmi, Àgbà, ti pé mọ́kànlá.
Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ àlejò.

A ti Kúkúrú mọ́ yàrá ẹ̀yìn.
Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oníbodè,
ó ń pòṣé.

Mo fi aṣọ ìnura nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléyìí,
mo gbé e fún tọ̀hún kó gbóòórùn rẹ̀.
Abọ́ oúnjẹ méjì, ilẹ̀kùn kan láàárín;
lójoojúmọ́ à ń sún wọn súnmọ́ra ní ìka kan.
“Ṣé a ò kúkú lè ṣílẹ̀kùn ni?”
Mo ní: ìwọ gan-an ńkọ́,
oṣù mélòó lo fi dúró níta?

Wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan. Imú Kúkúrú lápá.

Lóru àná, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kú.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì wá wọn.
Wọn ò dì mọ́ra. Rárá o.
Orí àga kan náà ṣá ni wọ́n wà,
ìrù Àgbà sì wà lórí ẹsẹ̀ Kúkúrú
bí ohun tẹ́nìkan gbàgbé síbẹ̀.